Owó àsansílẹ̀ fún ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa nínú ọkọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń fọ aṣọ lọ́wọ́, ẹ̀yin tí ẹ fi earpiece há etí lábẹ́ ìbòrí kí ọ̀gá ibi iṣẹ́ má baà rí i, mo kí gbogbo yín. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kà á dípò kí ẹ gbọ́ ọ torí pé dátà ti wọ́n, ẹ kú ọgbọ́n.

Orí WhatsApp ni ọ̀rọ̀ òní ti bẹ̀rẹ̀. Ní àárín oṣù January ọdún 2026 yìí, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Under-G, ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo ń tú fóònù ọmọ LAUTECH kan tó jábọ́ sínú garawa omi, ni voice note bá wọlé. Ìṣẹ́jú mẹ́fà gbáko. Bọ̀dá mi ni, èyí tó wà ní Houston, ní Texas. Ẹ mọ̀ pé tí ẹ̀gbọ́n yín bá fi voice note ìṣẹ́jú mẹ́fà ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ owó ni tàbí ọ̀rọ̀ ikú. Mo nu ọwọ́ mi mọ́ ṣòkòtò, mo tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó ni, a dúpẹ́. Lọ́dún tó kọjá, Bọ̀dá ra Tesla, Model Y. Ọkọ̀ oníná mànàmáná ni, kì í mu epo. Láti ọjọ́ tó ti rà á ni wọ́n ti ń fi nǹkan kan lọ̀ ọ́ lójú gíláàsì ọkọ̀ náà àti lórí fóònù rẹ̀, ètò kan tí wọ́n ń pè ní Full Self-Driving. Tí o bá san owó rẹ̀, ọkọ̀ náà á máa yí ìtọ́kọ̀ fúnra rẹ̀, á máa tẹ bíréèkì, á dúró níbi iná pupa, á yà sósì, á yà sọ́tùn-ún, títí tó fi máa gbé ọ dé ibi tí ò ń lọ. Kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà tó nílò ti wà nínú ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Owó ló ń ṣí i, bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ páswọ́ọ̀dù sí i.

Nígbà yẹn, ọ̀nà méjì ni èèyàn lè gbà san án. O lè san 8,000 dọ́là lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. O sì lè máa san 99 dọ́là lóṣooṣù bí a ṣe ń ra dátà, ìgbà tó bá wù ọ́ o dáwọ́ dúró. Ní ọjọ́ 14 oṣù January ni Elon Musk wá kéde pé lẹ́yìn ọjọ́ 14 oṣù February, àwọn ò ní tà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo mọ́. Olóṣooṣù nìkan ni yóò kù.

Ẹ rí i bí wọ́n ṣe fi àkókò sí i? Oṣù kan péré. Ẹni tó bá ti bá Black Friday ja ìjàkadì rí mọ ohun tí àkókò bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe sí ọpọlọ èèyàn. Kódà nǹkan tí o ò fẹ́ rà tẹ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún ọ.

Bọ̀dá wá ní, “Ìwọ lo mọ̀ nípa nǹkan ẹ̀rọ. Owó náà wà lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n san án kí wọ́n tó tilẹ̀kùn ni, àbí kí n fi í sílẹ̀?”

Kí ẹ tó sọ pé owó ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni Bọ̀dá. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, aago méje ìrọ̀lẹ́ sí aago méje àárọ̀. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ sí ilé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìrìn wákàtí kan. Ní oṣù November, ó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ni oorun gbé e lọ nídìí ìtọ́kọ̀. Kò ju bí ẹni ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lọ. Nígbà tó máa lajú, táyà rẹ̀ ti gun ẹ̀gbẹ́ títì, ibi tí wọ́n ṣe ní gbágungbàgun kó lè máa pariwo lábẹ́ táyà. Ariwo yẹn ló jí i. Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Èmi ló sọ ọ́ fún. (Mo ti gba àyè kí n tó sọ ọ́ níbí o. Ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́ báyìí, wọ́n sì ti parí ìjà náà.)

Nítorí náà kì í ṣe afẹ́ ni Bọ̀dá ń wá. Ó fẹ́ délé láàyè ni.

Ohun kan tún wà tí mo ní láti jẹ́wọ́. Ilé Màámi l'Ọ̀yọ́, ẹ̀yìn Owódé níbẹ̀, páànù rẹ̀ ń jò. Yàrá méjì ni a ti ń gbé abọ́ sí tí òjò bá ti ṣú. Láti Kérésìmesì ni Bọ̀dá ti sọ pé òun máa ṣe òrùlé náà kí òjò ọdún yìí tó dé. 8,000 dọ́là lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà. Òrùlé Màámi ò tó bẹ́ẹ̀, á ṣẹ́kù dáadáa. Ṣé ẹ wá rí ipò tí mo wà? Ẹni tó ń béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ mi, tí mo bá sọ fún un pé “ẹ má san án,” ṣé ọgbọ́n mi ló ń sọ̀rọ̀ ni àbí páànù?

Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún un náà nìyẹn. Mo ní, “Bọ̀dá, ẹ má fi gbogbo ara gba ọ̀rọ̀ mi o. Páànù Màámi wà lójú mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ṣáà sọ ohun tí o mọ̀.”

Ó dáa. Ohun tí mo mọ̀ rèé.

Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní SAE. Wọ́n pín ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀ sí ipele, láti 0 dé 5. Ipele 0, ìwọ lò ń ṣe gbogbo rẹ̀, bíi Micra tó ń ná Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn. Ipele 5, ọkọ̀ náà á lè lọ síbikíbi tí èèyàn lè wakọ̀ dé, ì báà ṣe òjò ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí ò tíì sí lọ́jà níbi kankan láyé. Waymo tó ń gbé èrò kiri ní Phoenix, San Francisco àti Los Angeles láìsí ẹnikẹ́ni nídìí ìtọ́kọ̀, ipele 4 nìyẹn, àmọ́ àdúgbò tí wọ́n ti là sílẹ̀ fún un nìkan ló ń rìn. Mercedes gba àṣẹ ipele 3 ní Nevada àti California lọ́dún 2023, pé èèyàn lè gbójú kúrò lójú ọ̀nà, àmọ́ lórí àwọn títì márosẹ̀ kan pàtó, tí eré ọkọ̀ náà ò sì gbọdọ̀ ju máìlì 40 ní wákàtí kan lọ.

Èyí tí Bọ̀dá fẹ́ rà ńkọ́, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Full Self-Driving? Ipele 2 ni.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bá mi jà lórí eléyìí, torí wọ́n ti rí fídíò rẹ̀ lórí YouTube tó ń wa ara rẹ̀ káàkiri ìlú fún odindi wákàtí kan. Òótọ́ ni fídíò náà. Ẹ̀rọ yẹn mọ̀ ọ́n wà, ó sì ti dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ púpọ̀. Àmọ́ kì í ṣe bó ṣe mọ ọkọ̀ wà tó ni ipele ń wò. Ẹni tí ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀ ni. Ní ipele 2, ìwọ ni dírẹ́bà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ojú rẹ gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà, tó bá ṣi ọ̀nà gbà, ìwọ lo ṣì í. Tesla fúnra wọn fi ọ̀rọ̀ kan kún orúkọ rẹ̀ lọ́dún 2024, Supervised, pé abẹ́ àmójútó ló wà. Àmójútó ta ni? Tìrẹ.

Kámẹ́rà kékeré kan sì wà nínú ọkọ̀ náà, lókè dígí tí dírẹ́bà fi ń wo ẹ̀yìn. Ojú rẹ ló ń wò. Tí o bá ń tẹ fóònù, tàbí tí o kò wo iwájú mọ́, ó máa kìlọ̀ fún ọ. Tí o bá ṣàìgbọràn, á dáwọ́ iṣẹ́ dúró, tó bá sì pọ̀ jù, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ fún ìgbà díẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ fìyà jẹ èèyàn. Ní December 2023, Tesla ṣe àtúnṣe sí ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù méjì ní Amẹ́ríkà nítorí pé àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò ojú títì, NHTSA, sọ pé ohun tó wà nínú Autopilot láti mú kí dírẹ́bà máa wo ọ̀nà kò tó.

Ẹ wá fi ìyẹn wé ohun tí Bọ̀dá ń wá. Ẹni tí oorun ń kùn ní aago méje àbọ̀ àárọ̀ ń wá ọkọ̀ tó máa gbé òun délé bí òun bá sùn. Ohun tí wọ́n ń tà fún un ni ọkọ̀ tó ń béèrè pé kó má sùn. Mo gbà pé tí oorun bá gbé e lọ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, ọkọ̀ náà kò ní yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ìyẹn sì ṣe pàtàkì púpọ̀. Ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé ẹni tí kò ní nǹkan kan tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe ni oorun máa ń tètè gbé. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jókòó síwájú ọkọ̀ èrò, ta ló ń sùn nínú yín, ṣé ẹ̀yin ni àbí dírẹ́bà?

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ owó.

Ní October 2016 ni Tesla sọ pé gbogbo ọkọ̀ tí àwọn ń ṣe láti ìgbà náà lọ ti ní gbogbo ẹ̀rọ tó nílò láti fi wa ara rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ètò náà sílẹ̀ nígbà tí kò tíì sí. Ẹni tó san án nígbà yẹn, ìlérí ló rà. Owó náà wá ń gòkè. Ní September 2022, ó ti di 15,000 dọ́là. Ọdún kan lẹ́yìn náà, wọ́n já a sí 12,000. Ní April 2024, ó di 8,000. Olóṣooṣù bẹ̀rẹ̀ ní July 2021, 199 dọ́là ni, ní April 2024 yẹn kan náà ló di 99. Nígbà tó di January 2025, Musk fẹnu ara rẹ̀ sọ pé àwọn ọkọ̀ tó ń lo kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Hardware 3, tí olówó wọn ti san owó Full Self-Driving, àwọn máa ní láti pààrọ̀ kọ̀ǹpútà inú wọn.

Ẹ fojú inú wò ó pé ẹ lọ bá télọ̀ fún aṣọ Iléyá. Ó gbowó tán. Iléyá ọdún yẹn kọjá, ti ọdún kejì kọjá. Nígbà tó yá, ó rán an, ó dùn ún wò, ó ní àmọ́ ẹ ti sanra ju bí òun ṣe wọ̀n yín lọ, òun máa bá yín fi aṣọ díẹ̀ kún un. Aládùúgbò yín tó lọ bá a lánàá san ìdajì owó yín. Mi ò sọ pé télọ̀ náà ò mọṣẹ́ o. Ó mọṣẹ́.

Mo fi kákúlétọ̀ fóònù ṣe ìṣirò rẹ̀ fún Bọ̀dá. Tó bá ń san 99 lóṣooṣù, ó máa lé ní oṣù 80 kó tó san 8,000. Ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́jọ nìyẹn. Ta ló mọ̀ bóyá ọkọ̀ yẹn ló ṣì máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà? Ara ọkọ̀ ni owó náà lẹ̀ mọ́, kì í ṣe ara ẹni tó san án. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ni Tesla máa ń gbà kí èèyàn gbé e lọ sínú ọkọ̀ tuntun, ìgbà tó bá wù wọ́n. Tí ẹlòmíì bá sì wá fi orí sọ ọkọ̀ náà lẹ́yìn tó bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ó di kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ilé iṣẹ́ ìbánigbófò fà á.

Àmọ́ kí n má parọ́, ẹni tó sọ pé òun máa san án lẹ́ẹ̀kan ní ìdí tirẹ̀. Olóṣooṣù ti jẹ́ 199 rí, ó di 99, kò sí ẹni tó búra pé kò ní tún gòkè. Ẹ̀yin náà rántí iye tí a ń ra gíìgì dátà kan lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹni tó ti sanwó tán, kò kàn án mọ́.

Ibi tí mo dé nìyẹn tí mo fi rántí ọ̀rọ̀ tèmi. Bí mo ṣe ń gba Bọ̀dá nímọ̀ràn, èmi náà wà nídìí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kàn jẹ́ pé kì í ṣe ní dọ́là.

Ọ̀sẹ̀ kan, ìgbà mẹ́ta ni mo ń gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, torí Màámi àti Bàámi wà l'Ọ̀yọ́, ṣọ́ọ̀bù mi wà l'Ógbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ọ̀nà náà, nǹkan bíi kìlómítà 52 ni, lára títì tó ti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin, oníbejì ni, èèyàn ń gbádùn ara rẹ̀. Àmọ́ apá tiwa yìí, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń ṣe oníbejì tirẹ̀. Lórí ọ̀nà àtijọ́, alálọ àti alábọ̀ ló ń pín títì kan ṣoṣo, àwọn tírélà tó ń ti Òkè Ọya bọ̀ àti àwọn tó ń lọ, gbogbo wa la jọ ń rún un. Ẹ máa rí ọkọ̀ tó fi kòtò sílẹ̀ tó bọ́ sí iwájú yín, ẹ máa rí ọ̀kadà tí kò ní iná, ẹ máa rí ewúrẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, mo jókòó síwájú nínú ọkọ̀ èrò. A ti sún mọ́ Odò Ọbà. Tírélà kan bàjẹ́ sójú títì. Kò ní iná ẹ̀yìn, ewé díẹ̀ tí wọ́n já sílẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ ni àmì tí wọ́n fi sí i. Dírẹ́bà wa ò rí i. Obìnrin kan tó wà lẹ́yìn mi ló kígbe. Bí dírẹ́bà ṣe tẹ bíréèkì tó sì fa ọkọ̀ sínú koríko, ẹ̀gbẹ́ tírélà náà fa dígí ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ mi ya. Dígí yẹn ni mo ń wò títí a fi dé. Ara mi ń gbọ̀n.

Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé mo máa ra ọkọ̀ tèmi, mo sì fẹ́ èyí tó lè tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀. Kò wọ́n tó bí ẹ ṣe rò. Corolla tí wọ́n ṣe láti 2017 fún ọjà Amẹ́ríkà ní i lára. Rédà wà lẹ́yìn àmì Toyota tó wà níwájú ọkọ̀, kámẹ́rà wà lókè gíláàsì iwájú. Wọ́n jọ ń wo ọ̀nà. Tí nǹkan bá sún mọ́ iwájú jù, á pariwo, tí o kò bá dáhùn, á tẹ bíréèkì. Ó tún lè máa tẹ̀ lé ọkọ̀ tó wà níwájú lórí títì gígùn, bó bá dẹ̀ ẹ́ dẹ̀, bó bá sáré ó sáré, ó sì lè rọra máa yí ìtọ́kọ̀ kó má baà kọjá ìlà funfun.

Oníṣòwò tòkunbọ̀ kan n'Ìbàdàn, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ní Corolla 2020 kan. Iwájú ni ọkọ̀ náà ti fi gbá nǹkan ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti tún un ṣe, ó ń dán. Àmọ́ bí mo ṣe ṣí i, iná ìkìlọ̀ mẹ́ta ló tàn níwájú dírẹ́bà. Ó ní kí n má ṣèyọnu. Ó ní tí mo bá fi 900,000 náírà kún owó ọkọ̀, àwọn ọmọ òun l'Ékòó máa fi rédà tuntun sí i, “lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bọ̀bọ́, ọkọ̀ yìí á máa wa ara rẹ̀.”

Mo bi í pé ṣé mo lè san án lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe é tán, tí mo bá ti gbé e lọ dán an wò. Ó ní rárá, owó iṣẹ́ kì í kẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ rédà yìí ò rí bí wọ́n ṣe ń fẹnu sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe kí èèyàn kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀. Tí wọ́n bá ti tú u, wọ́n ní láti wọn ojú tó ń wò. Wọ́n á gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, wọ́n á gbé àmì kan sí iwájú rẹ̀ ní ìwọ̀n pàtó, wọ́n á fi kọ̀ǹpútà ṣètò rẹ̀. Tó bá yẹ̀ díẹ̀, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni á máa wò dípò iwájú. Á wá máa tẹ bíréèkì fún igi, á sì máa gbójú fo tírélà. Kí ni èmi tí mo ń tún fóònù ṣe máa fi mọ̀ bóyá wọ́n wọ̀n ọ́n dáadáa? Ìgbà tí mo bá bá tírélà pàdé.

Mo wá oníbàárà mi kan, olùkọ́ ni ní LAUTECH, tó ní irú ọkọ̀ náà, tí tirẹ̀ ò tíì gbá nǹkan rí. Ó jẹ́ kí n bá òun lọ sí Ìlọrin ní ọjọ́ Sátidé kan. Lórí títì oníbejì yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, ó dára! Ó tẹ 90 sí i, ó gbẹ́sẹ̀ kúrò, ọkọ̀ náà ń tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì tó wà níwájú wa bí ọmọ tó ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà. Ibi tí ìlà funfun bá ti hàn, ó ń rìn láàrin rẹ̀. Ibi tó bá ti parẹ́, á gbàgbé ọ̀rọ̀ ìlà, á fi ìtọ́kọ̀ sílẹ̀ fún un.

Mo bi í pé ọ̀nà Ọ̀yọ́ ńkọ́. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. Ó ní òun ti pa èyí tó ń tọ́ ìlà níbẹ̀, torí tí òun bá fẹ́ yẹ kòtò tí òun ò sì fún ọkọ̀ ẹ̀yìn ní àmì, ìtọ́kọ̀ náà á máa fa òun padà sínú kòtò. Èyí tó ń tẹ̀ lé ọkọ̀ iwájú, ó ní àyè tó ń fi sílẹ̀ láàrin tóbi jù fún wa, bó bá ti ṣí i sílẹ̀, Micra méjì á ti kó síbẹ̀. Rédà kì í sì í rí kòtò. “Àmọ́ èyí tó ń tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀,” ó ní, “mi ò ní pa ìyẹn láé.” Ó ní lálẹ́ ọjọ́ kan, ó pariwo fún òun, kí òun tó rí ọ̀kadà kan.

Nítorí náà, mi ò lè sọ fún yín pé nǹkan náà ò wúlò. Ó wúlò. Èmi gan-an mọ ibi tó ti máa wúlò fún mi, Odò Ọbà, aago mẹ́jọ alẹ́.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Bàámi. Ogún ọdún ni wọ́n fi wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ́nà yìí. Mo ṣàlàyé ti Bọ̀dá, mo ṣàlàyé tèmi, mo fi fídíò hàn wọ́n. Wọ́n wò ó tán, wọ́n wá bi mí pé, “Tó bá gbá èèyàn, ta ni ọlọ́pàá máa mú?” Mo ní dírẹ́bà ni. Wọ́n ní, “Kí ló wá ń wa ara rẹ̀ níbẹ̀?” Wọ́n ní kí n gbé rédíò wọn fún àwọn.

Mo ra Corolla náà láìsan 900,000 yẹn. Oníṣòwò náà bínú díẹ̀, ó sì já owó díẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó rí i pé mo ń lọ. Mo fi táyà tuntun mẹ́rin sí i, mo pààrọ̀ bíréèkì iwájú àti ẹ̀yìn, mo ra iná iwájú tó dáa, torí àwọn tó wà lára rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ti àtùpà. Iná ìkìlọ̀ mẹ́ta yẹn ṣì ń tàn. Mi ò kì í rìn lẹ́yìn aago méje mọ́ bí mo bá lè ṣe é. Ṣé mo ṣe é ire? Ní àwọn alẹ́ kan tí iṣẹ́ bá dá mi dúró tí mo sì ní láti rìn, tí mo bá ti ń sún mọ́ Odò Ọbà, mo máa ń rántí 900,000 yẹn.

Ti Bọ̀dá wá kọ́. Mo ní kó san ti oṣù kan ṣoṣo kó fi wò ó. Mo ní tí February 14 bá kọjá, kó kọjá. Ó ronú sí i fún ọjọ́ mẹ́rin, ìyàwó rẹ̀ dá sí i, wọ́n san 99 dọ́là. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, voice note lójoojúmọ́. Ọkọ̀ yà báyìí, ọkọ̀ dúró báyìí, ó wa òun lọ sí Dallas láti wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, òun ò fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kan nǹkan kan. Inú mi dùn, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó pé bóyá mo ti gbà á nímọ̀ràn burúkú.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ó pè mí. Ojú rẹ̀ ti ń pa dé nídìí ìtọ́kọ̀, kámẹ́rà yẹn rí i, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ ọn. Ó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ní kó ṣe. Ó ní ariwo náà ò yàtọ̀ sí ti gbágungbàgun ẹ̀gbẹ́ títì ti November. Ó yà sí ilé epo kan, ó sùn fún ogójì ìṣẹ́jú, ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ wa ọkọ̀ délé.

Kò san ti oṣù kejì. Ó ní tí òun bá tún ń lọ sí Dallas, òun máa san án fún oṣù yẹn. Ní báyìí, tó bá jáde níbi iṣẹ́, inú ọkọ̀ ló ń kọ́kọ́ sùn, ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìwòsàn, ó máa ń ṣètò alárọ́ọ̀mù sí ìdajì wákàtí. Ó tún ti kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ pé òun fẹ́ kúrò ní iṣẹ́ alẹ́. Wọn ò tíì dá a lóhùn.

Ẹ sì ń dúró kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ páànù. Ó fi owó igi ránṣẹ́, igi ti délé, ó wà lẹ́yìn ilé Màámi. Owó páànù ló kù, ó ní kí n fún òun di ìparí oṣù. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ l'Ọ̀yọ́ ní alẹ́ àná. Màámi pè mí láago mọ́kànlá, wọ́n ní kí n bá àwọn béèrè lọ́wọ́ Bọ̀dá bóyá ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀ lè máa bá àwọn da omi abọ́ nù.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ bátìrì fóònù ni, ìdí tí ti yín ò fi kì í dé ìrọ̀lẹ́ mọ́. Ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́ kí Ọjọ́bọ̀ tó pé. Ó dàbọ̀ o.